DÌPỌ́SÍÌTÌ ÀTI NÓTÍÌSÌ NÍ JẸ́LÉÓSINMI INÚ ILÉ: Ẹ JẸ́ KÁ SỌ Ọ́ KÍ ỌMỌ TÓ WỌLÉ

 

Ọ̀rọ̀ tòní kan ọmọ wa, ó sì kan àpò wa. Àwọn àgbà ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ṣùgbọ́n ayé ti yí. Ìyá àgbà tó yẹ kó bá wa gbé ọmọ, òun náà wà ní ìsọ̀ tirẹ̀, tàbí kó wà lóko. Àwọn ọmọ tó ti gbọ́njú wà ní iléèwé. Ìdí nìyẹn tí àwọn ìyá kan fi ń gba ọmọ ọlọ́mọ sínú ilé wọn láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Wọ́n ń fún wọn lóúnjẹ, wọ́n ń wẹ̀ wọ́n, wọ́n ń tẹ́ wọn sùn, ìyá ọmọ sì ń san owó. Iṣẹ́ rere ni. Ìyá ọmọ ráyè tajà, ìyá jẹ́léósinmi náà rí nǹkan mú lọ sẹ́nu.

Ìjà tó ń wọ àárín àwọn méjèèjì, ọjọ́ méjì ló ti ń wá jù: ọjọ́ tí ọmọ wọlé àti ọjọ́ tí ọmọ jáde. Ọjọ́ tó wọlé, ìyá ọmọ fi owó sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó sọ ohun tí owó náà wà fún. Ọjọ́ tó jáde, kò sẹ́ni tó sọ fún ẹnì kejì ṣáájú. Ìyá ọmọ kàn dáwọ́ dúró, kò mú ọmọ wá mọ́, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì ó wá ní kí wọ́n dá dìpọ́síìtì òun padà. Ìyá jẹ́léósinmi ní owó wo? Tàbí kí ìyá ọmọ pọn ọmọ dé ẹnu ọ̀nà láàárọ̀ ọjọ́ ọjà, kó bá ilẹ̀kùn ní títì, kí aládùúgbò wá sọ fún un pé ìyá náà ti wọkọ̀ lọ sí Benin láti àná, kò sì sọ ọjọ́ tó ń bọ̀.

Ẹni tí irú èyí bá ti ṣẹlẹ̀ sí mọ ohun tó ń ná ni. Ọjà ọrọọrún kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Bí ti òní bá kọjá, ó di òmíràn, tòmátì tí a ti rà sílẹ̀ á sì ti máa rà. Ẹlòmíràn á gbé ọmọ jòjòló jókòó sínú oòrùn. Ẹlòmíràn á ní kí ọmọbìnrin rẹ̀ tó wà ní praimárì karùn-ún dúró sílé wo àbúrò rẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, ọjọ́ mélòó kan á wá di odidi táàmù. Bẹ́ẹ̀ òfin ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 2004 sọ pé dandan ni kí òbí jẹ́ kí ọmọ kàwé fún ọdún mẹ́sàn-án, láti praimárì kìíní títí dé JSS 3. Ẹ rí i pé ọ̀rọ̀ tí a rò pé ó kéré lè já sí ẹ̀yìn ọmọ tí kò mọ̀wọ́ mẹsẹ̀.

Ìdí tí mo fi kọ èyí nìyẹn, kí ìyá ọmọ àti ìyá jẹ́léósinmi lè mọ iye tó yẹ kí wọ́n gbà tàbí kí wọ́n san, iye ọjọ́ tó yẹ kí wọ́n fi sọ fún ara wọn, àti ìdí rẹ̀.

OWÓ MẸ́TA TÓ YẸ KÁ YÀ SỌ́TỌ̀

Owó mẹ́ta ló máa ń dà pọ̀ mọ́ra wọn.

Èkíní ni owó ìforúkọsílẹ̀. Òun ni wọ́n fi ń ra ife, ẹní àti ìwé tí wọ́n máa kọ orúkọ ọmọ sí. Bí a bá ti san án, kì í padà mọ́. Kò yẹ kó pọ̀.

Èkejì ni owó ọ̀sẹ̀. Òun ni owó iṣẹ́ gan-an, fún oúnjẹ àti ìtọ́jú. Ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀sẹ̀ ló dára kí a san án, ká má jẹ́ kó di gbèsè.

Ẹ̀kẹta ni dìpọ́síìtì. Èyí ló ń dá ìjà sílẹ̀ jù, torí pé a kò mọ irú owó tó jẹ́. Bí a bá gbé aṣọ ẹbí lọ fún télọ̀, á gba díẹ̀ kó tó gé e. Ara owó iṣẹ́ nìyẹn. Alájọ náà máa ń mú owó ọjọ́ kan nínú oṣù. Èrè tirẹ̀ nìyẹn, ẹnikẹ́ni kì í bi í. Dìpọ́síìtì yàtọ̀ sí méjèèjì. Owó ìyá ọmọ ló ṣì jẹ́. Ó kàn ń ṣe onídùúró fún ìyá ọmọ lọ́dọ̀ ìyá jẹ́léósinmi ni, pé kò ní sá lọ láìsọ. Bí ìyá ọmọ bá pa àdéhùn mọ́, owó rẹ̀ á padà sí i lọ́wọ́, tàbí kí wọ́n fi ṣe owó ọ̀sẹ̀ tó gbẹ̀yìn. Bí ó bá sá lọ, onídùúró á san án.

Nítorí náà, ìyá jẹ́léósinmi tó bá gba dìpọ́síìtì tó sì fi ra ẹ̀wà sè lọ́jọ́ náà, owó ẹlòmíràn ló ná. Kó tọ́jú rẹ̀ lọ́tọ̀, ìbáà jẹ́ ní báńkì, ìbáà jẹ́ lọ́wọ́ akápò ẹgbẹ́.

KÍ LÓ DÉ TÍ WỌ́N FI Ń BÉÈRÈ RẸ̀?

Àwọn kan ń sọ pé, “Ṣé kò fọkàn tán mi ni?” Ọ̀rọ̀ ìfọkàntán kọ́ o. Àyè ọmọ ni ọjà tí ìyá yẹn ń tà, àyè náà kò sì lè pọ̀. Ojú méjì kò lè ṣọ́ ọmọ ogún. Ní ilẹ̀ England, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá wà tí wọ́n ń san owó kí wọ́n lè bá wọn wo ọmọ, ìyá tó ń ṣe iṣẹ́ yìí nínú ilé rẹ̀ gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀. Láti 2001 ni ọ́fíìsì tí wọ́n ń pè ní Ofsted ti ń bójú tó wọn. Bí ó bá dá ṣiṣẹ́, òfin ní ọmọ mẹ́fà tí kò tíì pé ọdún mẹ́jọ ni kó gbà, kí àwọn tó wà lábẹ́ ọdún márùn-ún nínú wọn má ju mẹ́ta lọ, kí ọmọ ọwọ́ tí kò tíì pé ọdún kan sì jẹ́ ẹyọ kan, àfi tí ìdí pàtàkì bá wà. Níbẹ̀, ó wọ́pọ̀ kí wọ́n gba dìpọ́síìtì, kí wọ́n sì kọ ọ́ sínú àdéhùn pé ẹni tó bá fẹ́ kúrò á sọ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ṣáájú. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè. Kò pọn dandan kí tiwa rí bíi tiwọn, ṣùgbọ́n ìdí rẹ̀ kan náà ni: bí ìyá náà bá ti fi àyè kan pamọ́ fún ọmọ rẹ, á dá ẹlòmíràn tó wá béèrè padà.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ bí a ṣe ń ṣírò ọjà. Àpẹẹrẹ lásán ni iye yìí o. Ká ní ìyá kan gba ọmọ mẹ́fà, ₦500 lójúmọ́ fún ọmọ kọ̀ọ̀kan, ọjọ́ mẹ́fà lọ́sẹ̀. Ọmọ kan á mú ₦3,000 wá, gbogbo wọn á jẹ́ ₦18,000. Ó ń san ₦6,000 fún ọmọbìnrin tó ń ràn án lọ́wọ́. Oúnjẹ, ọṣẹ, omi àti gáàsì jẹ́ ₦1,000 lórí ọmọ kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ₦6,000. Ohun tó kù sí i lọ́wọ́ ni ₦6,000.

Wàyí o, ìyá ọmọ kan dáwọ́ dúró láìsọ. Owó tó wọlé di ₦15,000. Owó oúnjẹ wálẹ̀ sí ₦5,000, ṣùgbọ́n owó ọmọbìnrin yẹn kò wálẹ̀, ₦6,000 náà ni. Ohun tó kù di ₦4,000. Ọmọ kan nínú mẹ́fà ló lọ, ṣùgbọ́n ìdá kan nínú mẹ́ta èrè rẹ̀ ló bá a lọ. Bí ó bá gba ọ̀sẹ̀ méjì kó tó rí ọmọ mìíràn, ó ti pàdánù ₦4,000. Èyí ni dìpọ́síìtì ń dí.

ÈLÓ LÓ YẸ KÓ JẸ́?

Ní tiwa, owó ọ̀sẹ̀ kan tó. Nínú ìṣirò tí a ṣe yìí, ₦3,000 nìyẹn. Bí ìyá ọmọ bá sá lọ láìsọ, ìyá jẹ́léósinmi á mú un, á ku ₦1,000 péré tó máa fara mọ́.

Àwọn kan ń béèrè owó oṣù kan. Ìyẹn á jẹ́ ₦12,000. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé owó ọlọ́jà kò gbọdọ̀ sùn. Owó tí a lè fi ra ọjà, kí a tà á, kí a tún ra òmíràn, bí a bá lọ so ó mọ́ ibì kan, ìsọ̀ á gbẹ. Ìyá tí kò bá lágbára rẹ̀ á gbé ọmọ rẹ̀ lọ sí ibi tí wọn kì í béèrè nǹkan kan, bóyá níbi tí ọmọ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ti wà nínú yàrá kan ṣoṣo.

Bí ₦3,000 bá tún wúwo lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí wọ́n pín in sí ọ̀nà mẹ́ta, ₦1,000 lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá san, ẹ gba risíìtì, tàbí kí ó kọ ọ́ sínú ìwé lójú yín.

Kí ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ jẹ́ ọ̀sẹ̀ ìdánwò. Ọmọ mìíràn wà tí á máa ké láti àárọ̀ di alẹ́, tí kò ní gba ilé ẹlòmíràn rárá. Nínú ọ̀sẹ̀ yẹn, kí ẹni tó bá fẹ́ dá a dúró sọ ní ọjọ́ kan ṣáájú, kí wọ́n sì dá dìpọ́síìtì padà láìyọ kọ́bọ̀.

NÓTÍÌSÌ: ỌJỌ́ MÉLÒÓ?

Nótíìsì kò ṣàjèjì sí wa. Gbogbo ẹni tó bá háyà ilé mọ̀ ọ́n. Bí kò bá sí àdéhùn mìíràn, ẹni tó ń san owó ilé lọ́sẹ̀, nótíìsì ọ̀sẹ̀ kan ni. Ẹni tó ń san lóṣù, oṣù kan. Ẹni tó ń san lọ́dọọdún, oṣù mẹ́fà. Òfin òṣìṣẹ́ Nàìjíríà ti 1974 náà ṣe tirẹ̀ ní ìpele ìpele. Ẹni tí kò tíì ju oṣù mẹ́ta lọ lẹ́nu iṣẹ́, ọjọ́ kan. Bí ó bá ti ju oṣù mẹ́ta lọ tí kò tíì pé ọdún méjì, ọ̀sẹ̀ kan. Láti ọdún méjì sí márùn-ún, ọ̀sẹ̀ méjì. Ọdún márùn-ún sókè, oṣù kan. Òfin náà tún sọ pé nótíìsì tó bá ti tó ọ̀sẹ̀ kan, inú ìwé ni kó wà.

Ìyá jẹ́léósinmi kì í ṣe ọmọọṣẹ́ wa, òwò tirẹ̀ ló ń ṣe, kì í sì í ṣe onílé wa. Àwọn òfin wọ̀nyí kò gé ọjọ́ fún òun àti àwa. Ṣùgbọ́n a lè rí òye kan mú níbẹ̀: bí ohun tí ẹnì kejì máa wá bá ti ṣòro tó láti rí, bẹ́ẹ̀ ni ọjọ́ tí a ó fún un ṣe gbọ́dọ̀ gùn tó.

Nítorí náà, ìyá ọmọ tó bá fẹ́ mú ọmọ kúrò, kó sọ ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú. Láàrin ọ̀sẹ̀ méjì, ìyá jẹ́léósinmi á ti rí ẹlòmíràn. Ìyá ọmọ á san owó ọ̀sẹ̀ kìíní nínú méjèèjì, dìpọ́síìtì á sì di owó ọ̀sẹ̀ kejì. Kò sẹ́ni tó jẹ ẹnì kejì, wọ́n á dágbére fún ara wọn pẹ̀lú ẹ̀rín.

Ìyá jẹ́léósinmi tó bá fẹ́ dáwọ́ dúró, tàbí tí kò fẹ́ ọmọ kan mọ́, kó sọ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ṣáájú. Àwọn kan á ní kí ló dé tí tirẹ̀ fi gùn ju ti ìyá ọmọ lọ? Ìdí ni pé òun, ọmọ kan nínú mẹ́fà ló máa wá. Ìyá ọmọ ní tirẹ̀, ibi kan ṣoṣo tí ọmọ rẹ̀ wà ló máa bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, gbogbo ọjà rẹ̀ ló sì máa dúró. Bí ìyá jẹ́léósinmi bá tì í jáde láìsọ, dìpọ́síìtì á padà lọ́jọ́ yẹn gan-an, àti owó ọ̀sẹ̀ kan lé e. Àdéhùn tó bá de ẹnì kan tí kò de ẹnì kejì, ẹ̀tàn ni.

Bí owó bá fẹ́ lọ sókè, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin náà ni kí wọ́n fi sọ. Bí ìyá ọmọ bá fẹ́ lọ ra ọjà lọ́nà jíjìn fún ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì, tàbí tí ọdún bá dé tó fẹ́ lọ kí àwọn òbí rẹ̀, kó san ìdajì owó kí àyè ọmọ rẹ̀ má bàa bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Àìsàn ọjọ́ kan tàbí méjì kì í ṣe ìdí láti fa ọ̀rọ̀, kí owó ọ̀sẹ̀ yẹn dúró bó ṣe wà. Bí àìsàn bá ju ọ̀sẹ̀ kan lọ, kó di ìdajì.

ÌGBÀ TÍ A KÌ Í DÚRÓ DE NÓTÍÌSÌ

Àwọn nǹkan kan wà tí kò ní ọ̀rọ̀ ọ̀sẹ̀ méjì nínú. Bí wọ́n bá lu ọmọ lálùbami, bí wọ́n bá fi ọmọ sílẹ̀ láìsí àgbàlagbà lọ́dọ̀ rẹ̀, bí ọmọ bá sọnù bó tilẹ̀ jẹ́ wákàtí kan, bí wọ́n bá ń fún un ní oògùn kó lè sùn, mú ọmọ rẹ lọ́jọ́ yẹn. Dìpọ́síìtì rẹ gbọ́dọ̀ padà ní pípé.

Ní ọ̀dọ̀ ìyá ọmọ náà, bí ó bá jẹ owó ọ̀sẹ̀ méjì láìsọ nǹkan kan, tàbí tó sọ ọ́ di àṣà kó máa fi ọmọ sílẹ̀ di agogo mẹ́sàn-án alẹ́, ìyá jẹ́léósinmi lè dá ọmọ dúró láìretí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Kó yọ gbèsè nínú dìpọ́síìtì, kó dá ìyókù padà, kó sì fi ìṣirò hàn.

Ikú àti ìjàǹbá, kò sẹ́ni tó ń fún wọn ní nótíìsì. Bí irú rẹ̀ bá ṣẹlẹ̀, kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́, kí wọ́n dá owó padà, kí wọ́n má sì wo ìwé.

A KÌ Í FI ỌMỌ DÓGÒ

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fetí sí èyí dáadáa. Iyekíye tí ìyá ọmọ bá jẹ, a kò gbọdọ̀ sé ọmọ rẹ̀ mọ́lé kó tó san án. A kò gbọdọ̀ fi ebi pa ọmọ torí gbèsè ìyá rẹ̀. Ayé ìwọ̀fà ti kọjá. Òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 2003, tí Ìpínlẹ̀ Oǹdó sì sọ di tirẹ̀ ní 2007, sọ pé nínú ohunkóhun tó bá kan ọmọ, ire ọmọ náà ló gbọ́dọ̀ ṣíwájú. Onígbèsè wà, ẹ pè é wá síwájú ẹgbẹ́. Ẹ jẹ́ kí ọmọ máa bá ìyá rẹ̀ lọ.

Ẹ KỌ Ọ́ SÍLẸ̀

Ọ̀rọ̀ ẹnu máa ń yí padà, pàápàá lọ́jọ́ tí inú bá ń bí ni. Ẹ ya ewé méjì nínú ìwé ọmọ iléèwé, kí ẹ kọ ohun kan náà sí méjèèjì, kí oníkálukú mú ọ̀kan. Ẹni tí kò mọ̀wé kọ, kó tẹ àtàǹpàkò, kí ẹlẹ́rìí kan kà á sí i létí kó tó tẹ̀ ẹ́. Kò ní láti gùn. Ẹ lè kọ ọ́ báyìí:

“Èmi ................, ìyá ................, fi ₦............ sílẹ̀ lọ́wọ́ ................ lónìí, ọjọ́ ................, fún dìpọ́síìtì. Owó ìtọ́jú ọmọ mi jẹ́ ₦............ lọ́sẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kìíní jẹ́ ti ìdánwò. Bí mo bá fẹ́ mú ọmọ mi kúrò, n ó sọ ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, dìpọ́síìtì á sì di owó ọ̀sẹ̀ tó gbẹ̀yìn. Bí n kò bá sọ, mo fi í sílẹ̀.

“Èmi ................ gba owó yìí. Bí mo bá fẹ́ dá ọmọ dúró, n ó sọ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ṣáájú. Bí n kò bá sọ, n ó dá a padà pẹ̀lú owó ọ̀sẹ̀ kan. N kò ní fi ọmọ dógò lórí ohunkóhun.

“Ẹlẹ́rìí: ................”

Ọjọ́ tí ẹ bá fún ara yín ní nótíìsì, ẹ kọ ọjọ́ náà sí ẹ̀yìn ìwé yìí kan náà, kí ẹnì kejì fọwọ́ sí i. Ẹ má fi rán ọmọ, ẹ má sì fi sí orí fóònù nìkan.

Bí ọ̀rọ̀ bá ti le, ẹ má gbé e lọ sí tésàn ní kíá. Ẹ mú ìwé náà wá bá àwọn olóyè ẹgbẹ́. Èyí tó bá kan ìyà tí wọ́n fi jẹ ọmọ nìkan ni kì í dúró de ẹgbẹ́. Ẹ gbé ìyẹn lọ sí ọ́fíìsì wẹ́fíà ní ìjọba ìbílẹ̀ wa ní Ifọ̀n, tàbí kí ẹ sọ fún ọlọ́pàá.

Ẹ̀yin tó ń wo ọmọ, a dúpẹ́ lọ́wọ́ yín, igba ojú ló ń tọ́ ọmọ, ojú yín sì pọ̀ nínú rẹ̀. Ẹ̀yin ìyá ọmọ, ẹ má fi owó àwọn tó ń bá yín gbé ọmọ ṣeré. Bí ẹ bá ti ka èyí tán, tí ẹ rí ibi tó yẹ ká tún ṣe, bóyá ọ̀sẹ̀ mẹ́rin pọ̀ jù tàbí owó ọ̀sẹ̀ kan kéré jù, ẹ sọ ọ́ ní ìpàdé ká jọ gbé e yẹ̀ wò.

Ọlọ́run á bá wa dá àwọn ọmọ sí. Ọjà á tà o.

Akọ̀wé Ẹgbẹ́, Ijagba.